Egúngún Jáde, Ọmọ Béèrè: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí



Nígbà tí ìlù bàtá bá dún ní àdúgbò ní àsìkò ọdún Egúngún, ọkàn ọ̀pọ̀ òbí nínú ìjọ wa a máa pín sí méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ti gbọ́ ìlù náà. Ó ti sáré dé ojú fèrèsé. Ó ń fẹ́ kí a gbé òun jáde lọ wòran. Bàbá àgbà ti ránṣẹ́ láti agboolé pé kí a mú ọmọ wá, nítorí pé egúngún ilé yóò jáde, kí ọmọ náà lè mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ìyá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde. Bí ó bá lọ, ẹ̀rù ń bà á pé òun ti da ìlérí tí a ṣe níbi ìrìbọmi ọmọ náà. Bí kò bá lọ, ẹ̀rù ń bà á pé òun ti ya ọmọ nípa kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá pín báyìí kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Ohun méjì tí ó níye lórí ni ó gbé lọ́wọ́, èyíinì ni ìgbàgbọ́ àti ìdílé, kò sì fẹ́ kí ọ̀kankan já bọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ nínú ìdààmú láìsí ìtọ́sọ́nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́sẹ̀ yìí, kí a tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó yẹ ní ṣíṣe.

I. OHUN TÍ EGÚNGÚN JẸ́

A kò gbọdọ̀ dá ohun tí a kò mọ̀ lẹ́jọ́. Àwọn tí ó ni egúngún gbà pé ẹni tí ó kú kò lọ pátápátá. Ó ń padà wá ní ọjọ́ ọdún láti bẹ ilé rẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe egúngún ní ará ọ̀run. Aṣọ tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ ni ẹ̀kú. Inú ìgbàlè ni ó ti ń jáde. Atọ́kùn ni ó ń bá a rìn. Alágbàá sì ni olórí àwọn ọ̀jẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọn a máa tọrọ ọmọ àti àlàáfíà, òun náà a sì máa súre fún wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo egúngún. Egúngún ilé wà, èyí tí a ń bọ. Onídán wà pẹ̀lú, èyí tí ó ń pa idán tí ó sì ń jó fún ìran wíwò. Láti inú irú egúngún eléré yìí ni eré alárìnjó ti jáde wá. Hubert Ogunde, ẹni tí a bí ní Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916, bá irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀ rìn ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó sì gbé eré tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni ó fi ṣe é, nínú ìjọ Aládùúrà. Ẹ̀yin náà rí i pé ìbọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, eré sì wà nínú rẹ̀. A ó padà sí ìyàtọ̀ náà láìpẹ́.

Ní ìlú tiwa yìí, ìjọ àti egúngún ti ń gbé ojúlé kan náà láti ìgbà pípẹ́. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Sódẹkẹ́ aṣíwájú wọn. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà wọ ìlú ní 1843. Àwọn fáda ẹgbẹ́ SMA dé ní 1880, ní 1895 ni a sì dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Lántòrò. Láti ìgbà náà wá, kò wọ́pọ̀ kí a rí ìdílé Kátólíìkì kan ní Abẹ́òkúta tí kò ní ìbátan tí ó ń ṣe ọdún ìbílẹ̀. Kì í ṣe àjèjì ni àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Bàbá wa ni wọ́n, ìyá wa ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ni wọ́n.

II. OJÚ TÍ ỌMỌDÉ FI Ń WÒ Ó

Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, kọ ìwé kan nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Aké. Ìwé náà jáde ní 1981. Inú ọgbà ìjọ Áńgílíkà ní Aké ni a ti tọ́ ọ dàgbà, bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀. Ó ròyìn bí òun, ní kékeré, ṣe ń wo àwòrán àwọn òyìnbó tí ó wà lára gíláàsì aláwọ̀ ní ilé ìjọsìn, tí aṣọ gígùn wọn sì jọ ẹ̀kú egúngún lójú òun. Ọmọ náà wá ń rò ó bóyá àwọn òyìnbó wọ̀nyí, níwọ̀n bí wọ́n ti kú, lè jáde bí egúngún.

Ẹ má ṣe fi ìbéèrè ọmọ yìí rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó rí ni ó béèrè. Ọmọ tiwa náà ń wá sí Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ń rí fáda nínú aṣọ gígùn aláràbarà, ó ń gbóòórùn tùràrí, ó ń gbọ́ tí a ń dárúkọ àwọn òkú, ó ń rí ère àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tí ó bá wá rí egúngún ní ìgboro, ta ni yóò sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn? Bí òbí bá pa ẹnu mọ́, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Títi ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kò tíì jẹ́ ẹ̀kọ́. Gbígbé e jáde lọ wòran láìsọ ohunkóhun fún un kò jẹ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú.

III. ÀWỌN ARÁ ÌLÚ ÒYÌNBÓ NÍ TIWỌN

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà mọ ọjọ́ kan tí a ń pè ní Halloween, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ náà àwọn ọmọdé a máa wọ aṣọ iwin àti ti àjẹ́, wọn a máa kiri láti ojúlé dé ojúlé láti tọrọ midinmídìn. Ó ti dé àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ìwé a sì máa wá sílé pé kí a ra aṣọ fún ọmọ.

Orúkọ ọjọ́ náà, láti ọ̀dọ̀ Ìjọ ni ó ti wá: ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọdún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni. Ní 609, Póòpù Boniface Kẹrin ya Pantheon sí mímọ́ fún Màríà Wúńdíá àti àwọn ajẹ́rìíkú. Tẹ́ńpìlì àwọn òrìṣà Róòmù ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Póòpù Gregory Kẹta, ẹni tí ó jọba láti 731 sí 741, ya ilé àdúrà kan sí mímọ́ ní Róòmù fún gbogbo ènìyàn mímọ́; ní 835, nígbà Gregory Kẹrin, ọdún náà ti di ti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá káàkiri ilẹ̀ àwọn Faransé ìgbàanì. Ní nǹkan bí 998, Odilo Mímọ́ ti Cluny ya ọjọ́ kejì sọ́tọ̀ fún àdúrà àwọn òkú. Àwọn ará Ireland ní ọdún ìbílẹ̀ tiwọn ní àkókò kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Samhain. Àṣà méjèèjì sì dàpọ̀. Nígbà tí ìyàn mú ní Ireland láti 1845, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àṣà náà dání. Iná tí wọ́n ń fi sínú tánípù tí a gbẹ́ ojú ènìyàn sí lára ní ilé wọn, inú elégédé ni wọ́n ń fi í sí lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òbí mìíràn yóò bo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tí egúngún bá ń kọjá ní Ìtokò, ṣùgbọ́n bí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ra aṣọ tí a ya egungun òkú sí lára fún ọmọ kan náà, yóò sì yà á ní fọ́tò. Kí ni ó mú kí ti ilé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ti òyìnbó fi jẹ́ eré? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ti ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀ ni ó fi ń tijú rẹ̀, ìgbàgbọ́ kọ́ ni ìyẹn. Ìtìjú lásán ni. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí a fi wọn méjèèjì.

IV. ÒṢÙWỌ̀N ÌJỌ

Kí ni òṣùwọ̀n náà? Ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ìbọ, eré, àti ẹbí.

Ìbọ ni àkọ́kọ́. Òfin kìíní kò ní àbùjá: Ọlọ́run nìkan ni a gbọdọ̀ sìn. Ìwé Katikísìmù ti Ìjọ, ní ẹsẹ 2116, kọ gbogbo ọ̀nà tí a fi ń pe òkú jáde tàbí tí a fi ń wá ohun ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà Kátólíìkì kò lè kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ egúngún, kò lè dá owó ẹbọ, kò sì lè gbé ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ fún ìwúre. Kì í ṣe pé a kórìíra àwọn baba wa. Àwa pẹ̀lú gbà pé ikú kò já okùn ìfẹ́. Ìwé Kejì àwọn Mákábì, orí 12, ròyìn bí Júdásì ṣe dá owó jọ fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó darí rẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tí ó ń bọ egúngún gbà pé òkú ti tọ òun wá, àwa ń tọ Ọlọ́run lọ nítorí àwọn òkú wa, nínú rẹ̀ ni a sì ti ń bá wọn pàdé, pàápàá nínú Mísà.

Eré ni ìkejì. Ìlù, ijó, aṣọ àti ọnà kì í ṣe ìbọ fúnra wọn. Ní 601, Póòpù Gregory Ńlá kọ̀wé sí Mellitus, ẹni tí ó ń lọ wàásù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n mú àwọn ère òrìṣà kúrò ṣùgbọ́n kí wọ́n má wó ilé náà, kí àwọn ènìyàn sì ní àjọ̀dún tí wọn yóò fi yọ̀ níwájú Ọlọ́run. Ní ilẹ̀ tiwa, ní 1947, Fáda Kevin Carroll àti àwọn fáda ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún agbẹ́gilére, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irú ọwọ́ tí ń gbẹ́ Ẹpa ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn àti ère ìbí Jésù. Wọn kò gbé Ẹpa sórí pẹpẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n mú wá síbẹ̀. Ìjọ kò sì béèrè pé kí Yorùbá sọ ọwọ́ rẹ̀ nù kí ó tó di Kristẹni.

Ẹbí ni ìkẹta. Òfin kẹrin pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Ìdọ̀bálẹ̀ fún bàbá tí ó wà láàyè kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Oríkì tí ìyá àgbà ń ki ọmọ ní òwúrọ̀ kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Ti oúnjẹ ńkọ́? Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti dá a lóhùn nínú Ìwé Kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 8 àti orí 10. Ó ní a kò lè jẹ lórí tábìlì Olúwa kí a tún jẹ lórí tábìlì òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí aláìgbàgbọ́ bá pè wá wá jẹun, kí a jẹ ohun tí a gbé síwájú wa láìwádìí. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún wa pé ẹran ẹbọ ni, kí a fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni náà. Ẹ kò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti bá agboolé wa mu tó?

V. OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé ẹnu ọ̀nà tí ìyá ọmọ dúró sí.

Èkíní: kí tọkọtaya kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan. Bí ọkọ bá sọ ọ̀kan tí aya sì sọ òmíràn, ọmọ yóò rò pé ìgbàgbọ́ jẹ́ ti ìyá, ìdílé sì jẹ́ ti bàbá.

Èkejì: kí ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ ṣe. Àkókò ìbọ ní àyè tirẹ̀, àkókò jíjẹ àti mímu ẹbí ní àyè tirẹ̀. Ẹ lè sọ fún bàbá àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Bàbá, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. A ó mú ọmọ wá kí yín, yóò sì jẹun lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbé e dé ìdí egúngún, nítorí ìlérí tí a ti ṣe fún Ọlọ́run lórí rẹ̀.” Ó ṣeé ṣe kí ó dun bàbá. N kò ní sọ fún yín pé kò ní dùn ún. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ọdọọdún, tí ó sì ń gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè sọ pé ìjọ ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe fi egúngún dẹ́rù ba ọmọ. Ìyá tí ó ń sọ pé “Bí o kò bá jẹun, egúngún á gbé ọ lọ” ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé egúngún ní agbára lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi yóò wá sọ fún un pé Ọlọ́run nìkan ni alágbára. Èwo ni kí ọmọ gbàgbọ́?

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe purọ́ fún ọmọ, ẹ má sì kọ́ ọ ní yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí a kọ́ láti máa kígbe tẹ̀lé egúngún ní ìgboro lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa àti aládùúgbò, ẹ̀gàn sì kì í ṣe ìwàásù. Ní 1965, Àpérò Vatican Kejì kọ́ wa pé Ìjọ kì í kọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ọmọ bá béèrè ohun tí ó wà nínú ẹ̀kú, ẹ lè dá a lóhùn báyìí: “Ọmọ mi, àwọn tí o rí yìí ń rántí àwọn baba wọn. Àwa náà ń rántí tiwa. Àwọn tiwa wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn kì í wọ aṣọ padà wá. Bí a bá fẹ́ nǹkan, Ọlọ́run ni a ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ohun tí ẹlòmíràn bọ̀wọ̀ fún ṣe ẹlẹ́yà.” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sí èébú nínú rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún sì lè gbé e mì.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ wo ọjọ́ orí. Òfin Ìjọ, ní ẹsẹ 97, ka ọmọ tí ó ti pé ọdún méje sí ẹni tí ó ní òye. Ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ kò lè ya ìbọ kúrò lára eré. Nítorí náà, ní tèmi, kí a má gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ àárín èrò tí ń tẹ̀lé egúngún, níbi tí àtòrì ti ń ró tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sáré kiri. Bí ó bá rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sì dẹ́ṣẹ̀. Bí ó ti wà fún egúngún ni ó wà fún Halloween: kí ọmọ má fi iwin àti àjẹ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Bí ilé-ìwé bá béèrè aṣọ, ẹ fi aṣọ ẹni mímọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

VI. OHUN TÍ A Ó FI RỌ́PÒ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí èyí. Bí a bá sọ fún ọmọ pé “Má lọ”, tí a kò sì fi ibi tí yóò lọ hàn án, ilé rẹ̀ ṣófo. Ọmọ tí ó sá lọ wo egúngún ń wá ohun kan: ó fẹ́ mọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìjọ ní oṣù kan gbáko fún èyí. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, Ìjọ fún onígbàgbọ́ tí ó bá bẹ itẹ́ òkú wò tí ó sì gbàdúrà fún àwọn òkú ní ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fi tọrẹ fún wọn, bí ó bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ó gba Ara Olúwa, tí ó sì gbàdúrà fún èrò ọkàn Póòpù.

Ẹ mú ọmọ dání lọ sí ibojì. Ẹ jẹ́ kí ó ro ìdí rẹ̀ pẹ̀lú yín, kí ó gbé àbẹ́là. Ẹ dárúkọ àwọn tí ó sùn síbẹ̀: ẹni yìí ni bàbá bàbá rẹ, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, oríkì rẹ̀ nìyí. Ẹ má ṣe yọ àwọn tí kò ṣe ìrìbọmi sílẹ̀. Àánú Ọlọ́run kò sí lọ́wọ́ wa láti fi dènà. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé orúkọ àwọn òkú ilé yín wá fún àdúrà oṣù kọkànlá. Ọmọ tí ó bá dàgbà bẹ́ẹ̀ yóò mọ orísun rẹ̀, yóò sì mọ Ẹlẹ́dàá orísun náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍLÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbígbàdúrà fún òkú àti títọrọ nǹkan lọ́wọ́ egúngún?
2. Orúkọ baba ńlá mélòó ni ọmọ yín lè dá?
3. Ta ni ó yẹ kí ẹ lọ bá sọ̀rọ̀ ní agboolé kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé?

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo àwọn baba wa, kọ́ wa bí a ti í tọ́ ọmọ láìsí ẹ̀rù àti láìsí ẹ̀gàn. Kí ó fi ìsinmi àìnípẹ̀kun fún gbogbo àwọn òkú wa, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.